Owó àsanjù owó orí tí kò tètè dé ní Amẹ́ríkà: bí a ṣe ń tọpa rẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí ìnáwó

Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà: "Ṣé tìrẹ ti wọlé?" Refund ni wọ́n ń bèèrè, ìyẹn owó orí tí èèyàn san jù tí ìjọba fẹ́ dá padà. Ọ̀pọ̀ ti ná owó náà tán lọ́kàn kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́: rẹ́ǹtì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ìwé àbúrò. Bí ọjọ́ bá wá ń gorí ọjọ́ tí nǹkan kan ò wọ àkáǹtì, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìjáyà yẹn ló ń mú kí èèyàn ṣe ohun tó máa tún dá owó ọ̀hún dúró pẹ́ sí i.

Nínú èyí tí mo ti bá àwọn èèyàn wò, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù àti ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba kò bára mu, tàbí pé ìjọba bèèrè ẹ̀rí tí kò sí nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ síbí. Màá kọ́kọ́ sọ ti owó tó pẹ́, kí n tó wá sọ ti rìsíìtì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ lóòótọ́

IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ refund ń jáde láàárín ọjọ́ 21 bí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì ní kí wọ́n san án sí àkáǹtì bánkì. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wọlé ni ẹ ó ti ka á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó bá yín kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ fi ránṣẹ́ gba ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ fi ọkàn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán.

Àwọn kan wà tí owó wọn kì í tètè dé rárá, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bèèrè Earned Income Tax Credit (ẹ̀dínwó owó orí fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀) tàbí Additional Child Tax Credit (èyí tó wà fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ), òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2015 kò gbà kí IRS tú owó yín sílẹ̀ kí ààrin oṣù kejì tó dé. Gbogbo owó náà ni wọ́n ń dá dúró o, kì í ṣe apá tó jẹ́ ti credit yẹn nìkan. Ẹni tó sáré fi tiẹ̀ ránṣẹ́ ní oṣù kìíní kò lè tìtorí ìyẹn gbà á ṣáájú.

Ibi tí ẹ ó ti wò ó ni "Where's My Refund?" lórí IRS.gov. Nǹkan mẹ́ta ló máa bèèrè yàtọ̀ sí ọdún tí ẹ ń wò: nọ́ńbà Social Security yín, ipò tí ẹ fi kọ fọ́ọ̀mù (àpọ́n, lọ́kọláya, olórí ìdílé), àti iye refund náà gan-an bó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù. Ó máa ń fara hàn níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24 fún ti íntánẹ́ẹ̀tì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ti ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe, lóru. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́wàá láti àárọ̀ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ẹ ṣí àkáǹtì yín lórí IRS.gov kí ẹ ka transcript

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibí yìí, ibẹ̀ sì ni àlàyé wà. Transcript ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí IRS ti ṣe sí fọ́ọ̀mù yín. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ bọ́ sí èyí tí wọ́n pè ní Account Transcript fún ọdún tọ́rọ̀ kàn. Kóòdù oní nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta ló kún inú rẹ̀, kò sì le tó bó ṣe rí lójú:

- 150: wọ́n ti yẹ fọ́ọ̀mù yín wò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.
- 806: owó orí tí wọ́n ti yọ lára owó iṣẹ́ yín láàárín ọdún. Ẹ fi wé W-2 yín, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ owó iṣẹ́ yín àti owó orí tí wọ́n yọ lára rẹ̀.
- 570: nǹkan kan dá owó náà dúró.
- 971: wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín, tàbí ó ń bọ̀.
- 846: owó ti jáde. Ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni kí ẹ máa fojú sọ́nà fún.
- 898: wọ́n ti fi nínú owó náà san gbèsè kan.

Bí ẹ bá rí 570, tí 971 sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe fóònù ló kàn. Ẹ lọ dúró ti àpótí lẹ́tà yín. Bí ẹ bá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ tètè wá bí ẹ ó ṣe rí lẹ́tà náà, torí ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà nínú àkáǹtì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà míràn.

Kí ló dá a dúró?

Lẹ́tà 5071C tàbí 4883C túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, nítorí àwọn olè ń fi nọ́ńbà ẹlòmíràn gba refund. Ẹ má bínú sí i. Ẹ mú fọ́ọ̀mù ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá sítòsí, kí ẹ dáhùn bí lẹ́tà náà ṣe ní kí ẹ dáhùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ara yín hàn, ó lè gba tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí owó tó jáde. Ẹni tí kò bá dáhùn rárá kò ní rí owó.

Lẹ́tà CP05 ní tiẹ̀ ń sọ pé wọ́n ń yẹ owó tó wọlé fún yín, owó orí tí wọ́n yọ, tàbí credit tí ẹ bèèrè wò. Wọ́n á ní kí ẹ fún àwọn ní ọjọ́ 60. Lásìkò yìí, iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ kó W-2, 1099 (ìwé owó tó wọlé fún yín tí kì í ṣe owó oṣù) àti ìwé owó oṣù jọ sójú kan, kí ó má di pé ẹ ń wá wọn kiri bí wọ́n bá béèrè.

Àwọn tó ra ìbánigbófò ìlera ní Marketplace (ọjà ìbánigbófò tí ìjọba dá sílẹ̀) tí wọ́n sì ń gba ìrànwọ́ ìjọba lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi Form 8962 mọ́ fọ́ọ̀mù wọn. Àìsí i ń dá owó ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lọ́dọọdún, ìwé kan péré sì ni.

Èyí tó kan àwa tí òbí wa wà nílé jù rèé: ẹ ò lè kọ bàbá tàbí ìyá yín tó ń gbé Nàìjíríà sínú fọ́ọ̀mù bí ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí tí òfin owó orí kà á sí olùgbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Kò kan iye tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Mo mọ̀ pé ó dunni, torí owó náà ń lọ lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá bá yín kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kí refund lè pọ̀ ti kó yín sí wàhálà, ẹ̀yin sì ni lẹ́tà máa wá bá, kì í ṣe òun.

Bí ẹ bá jẹ gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ, owó orí ìpínlẹ̀, tàbí gbèsè kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n lè yọ ọ́ lára refund. Ẹ lè pe Treasury Offset Program lórí 800-304-3107 kí ẹ gbọ́ bóyá gbèsè kan wà lórúkọ yín. Bó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí aya yín ló jẹ gbèsè náà, tí ẹ jọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, Form 8379 ni ẹ ó fi gba ìpín tiyín padà.

Ti nọ́ńbà àkáǹtì ńkọ́? Bí kò bá sí àkáǹtì tó ń jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ kọ, bánkì á dá owó náà padà fún IRS. Bó bá bọ́ sí àkáǹtì ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yin àti bánkì, Form 3911 ni ẹ ó sì fi bẹ IRS kí wọ́n bá yín tọpa rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe: ẹ má fi fọ́ọ̀mù kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì torí pé èkíní pẹ́. Fọ́ọ̀mù méjì lórí nọ́ńbà Social Security kan ṣoṣo máa da iṣẹ́ náà rú ni. 1040-X sì wà fún àtúnṣe àṣìṣe, kò wà fún ìránnilétí. Òun fúnra rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ó sì lè tó 16.

Fóònù àti lẹ́tà

Nọ́ńbà IRS tí ẹ ó pè ni 800-829-1040, láàárín aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́ ibi tí ẹ ń gbé. Kí ọjọ́ 21 tó pé, kò sí ohun tí ẹni tó bá gbé e máa rí ju ohun tí ẹ ti rí lójú "Where's My Refund?" lọ. Bí ẹ bá wá pè, ẹ ní bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó dáhùn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti ohun tó sọ. Tí ẹ bá tún pè lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ lè sọ pé "ní ọjọ́ báyìí, ẹni báyìí sọ fún mi pé báyìí," ohùn wọn á yí padà.

Bí lẹ́tà bá ní kí ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́, ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà Social Security, ọdún owó orí àti nọ́ńbà lẹ́tà náà sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé máa ń tú ká lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á. Bó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ẹ lo certified mail, èyí tó ń fún yín ní ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ẹ kíyè sára fún àwọn gbájú-ẹ̀ náà. IRS kì í fi ímeèlì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ bèèrè nọ́ńbà bánkì yín pé refund ti wà nílẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tẹ línkì kankan, bó ti wù kí àmì orí rẹ̀ dán tó.

Bí ebi bá ti ń kan ilẹ̀kùn

Taxpayer Advocate Service wà nínú IRS, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwọn ni láti gbèjà ẹni tó ń san owó orí. Ó kéré tán ọ́fíìsì kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Form 911 ni ẹ ó kọ sí wọn. Wọn kì í dá sí i torí pé ó ti sú yín. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdádúró náà ń pa yín lára: ìwé tí onílé fi lé yín jáde, ìwé pé wọ́n fẹ́ gé iná, ìwé owó oògùn. Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó pè. Ọ́fíìsì ọmọ ilé aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín náà máa ń bá èèyàn bèèrè lọ́dọ̀ IRS, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ pe onílé tàbí ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ọjọ́ tó kọjá, kí ẹ fi ojú ìwé "Where's My Refund?" hàn án. Ẹni tó wá kí ọjọ́ tó pé máa ń rí àánú ju ẹni tí wọ́n ń wá kiri lọ. Ní ti owó yíyá lórí refund tí àwọn kan ń gbé kiri, ẹ bèèrè gbogbo owó tí wọ́n máa yọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Tèmi ni pé kí ẹ jìnnà sí i.

Bí owó náà bá pẹ́ ju ọjọ́ 45 lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí gbèdéke fọ́ọ̀mù pé, tàbí lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ bó bá jẹ́ pé ẹ pẹ́, IRS máa san èlé lé e lórí. Owó tó wọlé ni wọ́n ka èlé yẹn sí, ẹ ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀. Fún ìgbà tó ń bọ̀, ẹ tún W-4 yín ṣe níbi iṣẹ́, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wò láti mọ iye owó orí tí wọ́n máa yọ lára owó iṣẹ́ yín. Refund ńlá kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó yín ni ẹ yá ìjọba fún ọdún kan láìgba èlé.

Ta ló tilẹ̀ lè yọ ìnáwó?

Yíyọ ìnáwó ni pé kí ẹ yọ iye tí ẹ ná kúrò lára owó tó wọlé fún yín kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì tí àwọn èèyàn ń kó jọ kò wúlò fún wọn. Láti 2018, òṣìṣẹ́ tó ń gba W-2 kò lè yọ aṣọ iṣẹ́, bàtà, tàbí epo mọ́tò tí kò sẹ́ni tó san padà fún un mọ́ nínú owó orí ìjọba àpapọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ra aṣọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ilé ìwòsàn wà nínú èyí. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ni àǹfààní yìí, lórí Schedule C, fọ́ọ̀mù èrè àti ìnáwó iṣẹ́ ara ẹni: awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò, onídìrí, alásè, olùtọ́jú arúgbó tó ń gba 1099. Ìnáwó tó wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, tó sì ṣe pàtàkì fún un, ni òfin gbà.

Fún ìdá mẹ́wàá, owó ìwòsàn àti èlé owó ilé, Schedule A ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kò sì lérè àfi tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju standard deduction lọ, ìyẹn iye tí òfin gbà kí èèyàn yọ láìsí rìsíìtì. Fún ọdún 2025, iye yẹn jẹ́ 15,750 dọ́là fún àpọ́n, 23,625 fún olórí ìdílé, 31,500 fún lọ́kọláya tó jọ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Láti ọdún 2026, ẹni tí kò lo Schedule A náà lè yọ ọrẹ tó jẹ́ owó títí dé 1,000 dọ́là, lọ́kọláya 2,000. Ọrẹ 250 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjẹ́rìí láti ọwọ́ ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, tó sọ bóyá ẹ gba nǹkan kan padà, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ìjọ kan ní Nàìjíríà, tàbí tí ẹ fi ran ẹbí lọ́wọ́, kò sí nínú rẹ̀.

Bí rìsíìtì ṣe ń di ẹ̀rí

Mo kó rìsíìtì ọdún méjì sínú páálí bàtà nígbà kan, inú mi sì ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ọjọ́ tí mo ṣí i, bébà funfun ni mo bá. Irú bébà tí ẹ̀rọ ìsanwó ń tẹ̀ jáde máa ń ṣá, oòrùn àti ooru ọkọ̀ sì ń yára pa á. Láti ìgbà yẹn, kí n tó kúrò níbi ìsanwó ni mo ti ń ya á ní fọ́tò. IRS gba fọ́tò, bó bá ṣáà ti hàn kedere.

Àmọ́ fọ́tò nìkan kò tó. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ̀rí tó dára ń sọ: iye owó, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ná an, àti ìdí iṣẹ́ tí wọ́n fi ná an. Rìsíìtì ń sọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́: "irun àmúdì fún oníbàárà ọjọ́ Sátidé," "oúnjẹ pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbé ìnáwó ìgbéyàwó fún mi." Ìwé bánkì ń fi hàn pé owó jáde, kì í sọ ohun tó rà. Fún ìrìnàjò iṣẹ́, ìnáwó tí kò tó 75 dọ́là kò pọn dandan kó ní rìsíìtì, àfi ti ilé ìtura tí ẹ sùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mọ́tò ni ibi tí owó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ ti ń burú jù. Fún 2025, sẹ́ńtì 70 ni wọ́n gbà fún máìlì kan. Ní 2024, sẹ́ńtì 67 ni. Ẹni tó wakọ̀ 10,000 máìlì nídìí iṣẹ́ ní 2025 ní 7,000 dọ́là láti yọ. Ẹ kọ nọ́ńbà máìlì tó wà lójú mọ́tò ní ọjọ́ kìíní ọdún àti ọjọ́ tó kẹ́yìn. Fún ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, ìdí tí ẹ fi lọ, àti iye máìlì. Láti ilé sí ibi iṣẹ́ tí ẹ ń lọ déédéé kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ìròyìn tí áàpù ń fi ránṣẹ́ lópin ọdún nìkan, ẹ ní tiyín.

Àwọn kan á ní àwọn á fojú díwọ̀n. Lóòótọ́, ní 1930, ilé ẹjọ́ kan gbà kí George M. Cohan, òṣèré orí ìtàgé, yọ ìnáwó tí kò ní rìsíìtì rẹ̀. Àmọ́ ní 1962 ni ilé aṣòfin ti ti ilẹ̀kùn yẹn fún ìrìnàjò àti ẹ̀bùn, mọ́tò náà sì ti bọ́ sábẹ́ òfin ọ̀hún lónìí. Ìwé máìlì tí wọ́n jókòó kọ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo fún odindi ọdún, pẹ̀lú gègé kan náà, máa ń hàn.

Ní ti ọ́fíìsì inú ilé, dọ́là 5 ni fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kò ju 300 lọ, ìyẹn 1,500 dọ́là. Iṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ń fi ibẹ̀ ṣe. Tábìlì tí ẹ ti ń jẹun kò sí nínú rẹ̀. Fóònù, ìpín tí ẹ fi ṣiṣẹ́ nìkan lẹ ó yọ. Oúnjẹ iṣẹ́, ìdajì ni.

Ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀

Ẹ ṣí àkáǹtì bánkì kan fún iṣẹ́ nìkan. Èyí nìkan ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ kó fọ́tò rìsíìtì sínú fódà oṣù, kí ẹ fi ọjọ́, ibi àti iye pe orúkọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn, torí fóònù ń sọnù.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni kí ẹ fi tọ́jú ìwé, ó kéré tán. Ó di ọdún mẹ́fà bí ẹ bá gbàgbé láti kọ ohun tó ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé. Ìwé ilé tàbí ilẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí tí ẹ ó fi tà á, kí ẹ tún fi ọdún mẹ́ta lé e.

Bí rìsíìtì bá ti sọnù báyìí, tí lẹ́tà sì ti dé, ẹ bèèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ ẹni tó tajà fún yín, kí ẹ wá ímeèlì ìsanwó, kí ẹ fa ìlà sídìí owó náà nínú ìwé bánkì, kí ẹ sì fi lẹ́tà kan bò ó tó ṣàlàyé ohun tó jẹ́. Èyí tí ẹ kò bá lè gbè lẹ́sẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò fúnra yín kí IRS tó bá yín yọ ọ́.